Ta Ni Ó Rán An, Ta Ni Yóò Jábọ̀ Fún? Ọ̀rọ̀ lórí Gbígbé Ètò Ìjábọ̀ Kalẹ̀ sórí SharePoint

Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ lónìí dà bí iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbé fún onímọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe fún olùkọ́ èdè. Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe ń gbé ètò tí ń kó ìjábọ̀ jáde láti inú àká ìsọfúnni kalẹ̀ sórí SharePoint, èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá àti yunifásítì fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀. N kò kọ̀, nítorí pé nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fínnífínní, mo rí i pé ibi tí ó ti ń sú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jùlọ kì í ṣe ibi ẹ̀rọ rárá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rírán àti iṣẹ́ jíjẹ́ ni, èdè wa sì ti ní orúkọ fún gbogbo rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "ìjábọ̀". Jẹ́ àti àbọ̀ ni ó pàdé tí ó di jábọ̀. Ènìyàn kì í jábọ̀ bí wọn kò bá rán an níṣẹ́. Ẹnì kan ni ó rán ni, ẹnì kan ni a rán, ibì kan wà tí a rán an lọ, ẹni tí ó sì rán an ń bẹ níbi kan tí ó ń retí àbọ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò bá yé wa, iṣẹ́ náà ti dàrú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣe àpẹẹrẹ. Inú SQL Server, èyí tí í ṣe àká ìsọfúnni tí Microsoft ṣe, ni wọ́n ń kó èsì ìdánwò sí. Bí ènìyàn bá yọjú wo inú àká bẹ́ẹ̀, àtẹ lórí àtẹ ni yóò bá níbẹ̀: ọ̀kan fún orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, ọ̀kan fún máàkì. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ohun tí yóò fi àtẹ wọ̀nyí ṣe. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni iye ẹni tí ó yege ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, iye ẹni tí yóò tún ìdánwò ṣe, àti bí ti ọdún yìí ti rí sí ti èṣí. Èyí ni ìjábọ̀. Ètò tí ń lọ bá a mú un wá ni Reporting Services, tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2004 fún àwọn tí ń lo SQL Server 2000. SharePoint ní tirẹ̀ dà bí ojúde kọ́lẹ́ẹ̀jì náà: ibẹ̀ ni ìwé ìpàdé, ìwé ìkéde àti àwọn fáìlì tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ilé àwọn méjèèjì. Reporting Services ní ìkànnì tirẹ̀, ó sì ní ìwé tirẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó lè wọlé sí. Bí olùkọ́ kan bá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ibi méjì ni a ó ti yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti rí: wọ́n yóò yọ ọ́ níbi kan, wọ́n yóò gbàgbé èkejì, ọkùnrin náà yóò sì máa wo máàkì ọmọ ọlọ́mọ láti ibi tí ó wà. Ní ọdún 2007, pẹ̀lú àtúnṣe kejì sí SQL Server 2005, Microsoft ṣe é kí ìjábọ̀ lè máa gbé nínú ibi ìkówèésí SharePoint gan-an, kí òfin kan náà sì máa ṣọ́ ìjábọ̀ àti ìwé ìpàdé. Nígbà tí ó di SQL Server 2012, wọ́n tún ètò náà tò: Reporting Services kúrò ní àlejò, ó di ọmọ ilé nínú SharePoint. Bí ó ti rí láti ìgbà náà títí dé SQL Server 2016 ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé òun ni ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó yóò bá pàdé.

Ìgbékalẹ̀ rẹ̀ kò le bí àwọn ènìyàn ti ń sọ. Oko ni àwọn tí ó ṣe SharePoint ń pe àkójọ àwọn sẹ́fà tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ (n kò tíì rí iṣu kankan níbẹ̀). Nínú oko yìí, a ó yan sẹ́fà kan tí SharePoint ti wà lórí rẹ̀, a ó sì fi ìwé ìgbékalẹ̀ SQL Server gbé ohun méjì sí i: Reporting Services ti SharePoint, àti àfikún tí ń jẹ́ kí ojú-ewé SharePoint mọ ìjábọ̀ nígbà tí ó bá rí i. Àfikún yìí gbọ́dọ̀ dé orí gbogbo sẹ́fà tí ń gba àlejò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjábọ̀ yóò máa ṣí fún ẹnì kan, yóò sì kọ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, alábòójútó yóò ṣí ojú-ewé àṣẹ SharePoint, yóò kọ Install-SPRSService, yóò sì kọ Install-SPRSServiceProxy tẹ̀ lé e. Àṣẹ kìn-ín-ní ń fi ètò náà hàn fún oko, èkejì ń yan agbẹnusọ tí àwọn ojú-ewé yóò máa bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti jí ètò náà dìde, yóò lọ sí ojú-ewé Central Administration, níbi tí yóò ti sọ ọ́ lórúkọ, tí yóò yan àkáǹtì tí ètò náà yóò máa fi ṣiṣẹ́, tí yóò sì tọ́ka sí sẹ́fà tí àká wà. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, àká tuntun mẹ́ta ni yóò yọ: ọ̀kan fún ètò àti àkókò iṣẹ́, ọ̀kan fún ohun tí kò ní pẹ́ nílẹ̀, ọ̀kan fún ìkìlọ̀ tí ètò náà máa ń fi ránṣẹ́ bí iye kan bá yí padà.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò níbẹ̀. SQL Server Agent ni aago ètò yìí. Òun ni ó ń jí i nígbà tí àkókò bá tó. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ fún ètò ìjábọ̀ ní àyè láti bá a sọ̀rọ̀. Ojú-ewé kan wà fún èyí nínú Central Administration. Bí a kò bá ṣe é, gbogbo ìjábọ̀ tí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ yóò máa ṣí dáadáa, inú wa yóò sì dùn. Èyí tí ó yẹ kí ó dé lórí àwọn lẹ́tà wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan ni kò ní dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ kan jókòó sí yàrá rẹ̀, ó tẹ ìjábọ̀ èsì ìdánwò. Ìbéèrè rẹ̀ kọ́kọ́ dé sẹ́fà tí ojú-ewé SharePoint wà. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó wọlé. Sẹ́fà yìí rán iṣẹ́ sí ètò ìjábọ̀. Ètò ìjábọ̀ náà rán iṣẹ́ sí àká. Àká wá béèrè ohun tí gbogbo onílé gidi máa ń béèrè: "Ta ni ó rán ọ?" Ní ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń dá ènìyàn mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NTLM, ẹnubodè kan ṣoṣo ni ẹ̀rí olùkọ́ náà lè gbà kọjá. Bí ìránṣẹ́ bá dé ẹnubodè kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ohun tí ojú-ewé yóò kọ síwájú olùkọ́ wa ni "Login failed for user 'NT AUTHORITY\ANONYMOUS LOGON'". Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé aláìlórúkọ kan wá sí ẹnu ọ̀nà, a sì lé e padà. Ọ̀pọ̀ alábòójútó ni ó ti bú ẹ̀rọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí ìyá yín yóò ṣe bí àjèjì kan bá wọlé tí ó ní ẹ rán òun wá gba owó ni àká náà ṣe.

Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá rán ìlàrí níṣẹ́, ìlàrí kì í fi ẹnu lásán wí pé ọba ni ó rán òun. Orí rẹ̀ tí wọ́n fá lápá kan jẹ́ ẹ̀rí, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ààfin náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba. Títí di òní, bí ọba kò bá lè lọ sí òde, aṣojú rẹ̀ yóò mú ọ̀pá àṣẹ dání, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀pá náà mọ ẹni tí ó ń kí. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni Kerberos, tí wọ́n ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí wọ́n sì fi orúkọ ajá tí ń ṣọ́ ẹnubodè nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì sọ ọ́. Alágbàtà kan tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀lé yóò fún ìránṣẹ́ ní ìwé tí a fi àṣírí dì. Ìránṣẹ́ kò lè yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà, ẹnubodè tí a kọ ọ́ sí nìkan ni ó sì lè tú u. Bí àká bá tú u, orúkọ olùkọ́ ni yóò bá níbẹ̀, kì í ṣe ti ìránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò lè fún gbogbo ìránṣẹ́ ní ọ̀pá àṣẹ kí ó máa gbé e káàkiri ìlú. Alábòójútó ìwé orúkọ gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, èyí tí Microsoft ń pè ní Active Directory, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkáǹtì ètò ìjábọ̀ lè ṣojú ẹlòmíràn, kí ó sì dárúkọ ẹnubodè tí ó lè ṣojú wọn dé: àká èsì ìdánwò nìkan, kò gbọdọ̀ dé àká owó oṣù. SharePoint tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń dárúkọ ènìyàn, tí ó yàtọ̀ sí ti Windows. Nítorí náà ògbufọ̀ kan ń bẹ láàárín wọn, Claims to Windows Token Service ni orúkọ rẹ̀. A gbọ́dọ̀ jí ògbufọ̀ yìí dìde lórí sẹ́fà tí ètò ìjábọ̀ wà, àkáǹtì tirẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ dé ẹnubodè kan náà. Àìṣe èyí ni ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó rò pé òun ti parí iṣẹ́.

Ọ̀nà kejì wà, ó sì rọrùn. A ó fi orúkọ àkáǹtì kan àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pamọ́ sínú ètò ìjábọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, orúkọ àkáǹtì yìí ni ètò náà yóò fi lọ. Iṣẹ́ yóò máa lọ geerege. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Bí àká bá ti ní òfin pé olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ rí ju máàkì ẹ̀ka tirẹ̀ lọ, òfin náà ti kú, nítorí pé gbogbo wọn ti di ẹnì kan ṣoṣo lójú àká. Àwọn kan máa ń sọ pé kò burú, pé àwọn yóò kọ User!UserID sínú ìjábọ̀ náà, kí ó lè mọ ẹni tí ń wò ó, kí ó sì fi èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ pamọ́. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti kúrò ní ẹnubodè, ó ti wọ inú lẹ́tà lọ. Ẹni tí ó bá lè tún ìjábọ̀ náà kọ lè yọ ẹ̀ṣọ́ náà dànù. Ẹni tí yóò bá lo ọ̀nà yìí, ó kéré tán kí ó rí i pé kíkà nìkan ni àkáǹtì náà lè kà nínú àká, kí ó má lè kọ ohunkóhun síbẹ̀.

Ní tèmi o, èsì ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì kò yẹ ní ohun tí a ń fi ọ̀nà kejì gbà fún ẹni tí ó wà níwájú ẹ̀rọ. Wàhálà ọ̀nà kìn-ín-ní pọ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà pé ọ̀nà kejì ni dandan: ìjábọ̀ tí a fi àkókò dè, tí yóò jáde ní òru. Olùkọ́ ti sùn ní àkókò náà. Kò sí níbẹ̀ tí yóò fi jẹ́ ẹ̀rí fún ìránṣẹ́ rẹ̀. Ètò náà kò tilẹ̀ ní gbà kí a fi àkókò sí ìjábọ̀ tí ó gbára lé ẹ̀rí ẹni tí ń wò ó.

Ta ni yóò wá yan ọ̀nà tí a ó tọ̀? Níbi tí mo ti rí i, onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń dá a dá. Òun náà yóò yan èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n pè é ní òru, n kò sì bá a wí. Akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olórí ẹ̀ka ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí. Máàkì ọmọ tí ó fìdí rẹmi kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí i kí òun tó rí i, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀. Kí àwọn olórí wọ̀nyí jókòó, kí wọ́n kọ ẹni tí ó lè béèrè ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní èdè tí ó yé wọn, kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti èdè díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Inú àká, a lè kó ọ̀rọ̀ sínú àtẹ ní irú tí wọ́n ń pè ní varchar tàbí nvarchar. Ènìyàn lè rò pé lẹ́tà n kan kò já mọ́ nǹkan. Bí àká bá ń lo ìtò lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, varchar mọ á, mọ è, nítorí pé àwọn èdè wọ̀nyí ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò sì mọ ṣ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń jẹ́ Ṣọlá, ohun tí yóò wọ inú àká ni ??lá. Kì í ṣe pé ojú-ewé kò lè fi hàn. Orúkọ náà ti sọnù pátápátá, kò sí ẹni tí ó lè fi ìjábọ̀ tún un rí. Nvarchar ni kí a lò, kí a sì fi N ṣíwájú ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ sínú àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sá fún ìṣòro yìí nípa kíkọ orúkọ gbogbo ènìyàn láìfi àmì sí i. Èmi kò lè fara mọ́ èyí. Orúkọ ọmọ ni a ń kọ sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ti wíwá orúkọ náà tún wà. Ìtò lẹ́tà tí SharePoint ń béèrè fún àwọn àká tirẹ̀, Latin1_General_CI_AS_KS_WS, ka àmì sí: ẹni tí ó bá wá Sola kò ní rí Ṣọlá. Ó dára fún ìpamọ́, kò dára fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ọ̀nà tí yóò fi tẹ àmì. Nínú ìbéèrè tí ìjábọ̀ ń gbé lọ sí àká ìdánwò, a lè sọ pé kí ó fojú fo àmì ní ibi wíwá nìkan. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ni kí a sì máa fi dá a mọ̀. Àti pé bí ìjábọ̀ bá máa di PDF, orí sẹ́fà ni irú lẹ́tà tí a fi kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ó lè hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sì di àpótí ṣófo-ṣófo nígbà tí sẹ́fà bá tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé lẹ́tà náà kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ku ti kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi pamọ́ sínú ètò ìjábọ̀ ni ó fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tì. Ní ọjọ́ tí a bá gbé ètò náà kalẹ̀, kí a ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yìí láti ojú-ewé tí wọ́n ṣe fún un, kí a má sì tọ́jú ẹ̀dà náà sórí sẹ́fà kan náà. Bí sẹ́fà bá bàjẹ́ tí a sì gbé àká padà bọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́, ìjábọ̀ yóò wà ní ibi ìkówèésí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò mọ ọ̀nà àká mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń béèrè nínú ara rẹ̀ pé, ṣé ohun tí ó ṣì wà ni à ń sọ. Ìbéèrè gidi ni. SQL Server 2016 ni ó gbà kí Reporting Services gbé inú SharePoint kẹ́yìn. Ti 2017 kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú SharePoint 2013 dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2026 ni ó sì fi sí ti SharePoint 2016 àti 2019. Reporting Services 2022 ni ó jáde kẹ́yìn lábẹ́ orúkọ yẹn. Láti SQL Server 2025, Power BI Report Server ni ó gba ipò rẹ̀. Nítorí náà n kò ní gba ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó gba ọ̀nà SharePoint. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àká ń béèrè kò yí padà níbikíbi tí a bá kó lọ. Kerberos náà ni, ọ̀rọ̀ aṣínà ìpamọ́ náà ni, ẹ àti ọ náà sì ni.

Ẹni tí ó bá ti wà nínú rẹ̀ kò lè kàn yí i padà sí ilé ọ̀tọ̀ níbi tí ó wà. Yóò gbé Reporting Services mìíràn kalẹ̀, yóò sì kó ẹrù lọ síbẹ̀. Fáìlì ìjábọ̀, tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .rdl, kò ní ìṣòro. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni. Microsoft tilẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àṣẹ kan, ssrs_migration.rss, tí ń kó ìjábọ̀, ètò àkókò àti àṣẹ ìwọlé láti ibi kan dé ibi kejì. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni kì í kó. Ẹnì kan ni yóò jókòó, tí yóò máa tẹ̀ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń múra àtikó wádìí nísinsin yìí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n, kí ó tó gba ìfẹ̀yìntì.